Àmánà Ń Fẹ́ Ẹni Tí Ó Mọ̀ Ọ́n Tọ́jú: Ìmọ̀ Ìṣàkóso Lára Àwọn Aṣíwájú Tí A Dìbò Yàn

KHUTUBAH KÌN-ÍN-NÍ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá sánmà àti ilẹ̀ pẹ̀lú òṣùwọ̀n, tí ó fi oòrùn sí ipa ọ̀nà tirẹ̀, tí ó sì fi òṣùpá sí ipele tirẹ̀, tí ọ̀kan kò fi gba ipò èkejì. A ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀, a sì ń sá di Í kúrò níbi aburú ẹ̀mí wa àti àìdára iṣẹ́ ọwọ́ wa. Mo jẹ́rìí pé kò sí ọba kan tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo. Mo sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di Ọjọ́ Ẹ̀san.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń gba ara mi àti ẹ̀yin náà ní ìyànjú pé kí a páyà Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba. Ìpayà Ọlọ́hun ni ó ń tún iṣẹ́ ẹrú ṣe, òun ni ó sì ń sọ ohun kékeré di ńlá lórí òṣùwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lórí àwọn ènìyàn tí a ń fi ọwọ́ ara wa yàn sí ipò: kánsẹ́lọ̀, alága ìjọba ìbílẹ̀, aṣòfin, gómìnà àti ààrẹ. Nígbà tí ìbò bá ń súnmọ́ tòsí, àwọn ìbéèrè kan a máa jáde láàrin wa. A ó béèrè pé: Ṣé Mùsùlùmí ni? Ọmọ ta ni? Àdúgbò wo ni ó ti wá? Ǹjẹ́ ó lawọ́? Ṣé ó fi ẹran ránṣẹ́ nígbà Iléyá, ṣé ó gbé ìrẹsì wá nínú oṣù ààwẹ̀? Àwọn kan nínú wa a tún béèrè, èyí sì dára ju ti ìṣáájú lọ, pé: Ṣé olóòótọ́ ni? Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣọ̀wọ́n lẹ́nu wa: Ǹjẹ́ ẹni yìí mọ iṣẹ́ náà í ṣe? Bí a bá fi owó, òṣìṣẹ́ àti àkókò lé e lọ́wọ́, ǹjẹ́ ó mọ bí a ti í tò wọ́n kí ohun tí ìlú ń fẹ́ tó jáde?

Ohun tí mo fẹ́ kí a mú lọ sílé lónìí nìyí. Mímọ iṣẹ́ ìṣàkóso jẹ́ apá kan nínú àmánà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó gba àmánà tí kò sì mọ bí a ti í tọ́jú rẹ̀ yóò fi í ṣòfò, bí kò tilẹ̀ jí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé àmánà náà fún un ní ìpín nínú òfò ọ̀hún.

Olóòótọ́ tí a kò fi jẹ olórí

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Abu Dharr al-Ghifari, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn Islam. Ànábì fúnra rẹ̀ yìn ín fún òtítọ́ ẹnu. Ọkàn rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ owó, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni láti sọ òdodo. Bí a bá ń wá ẹni tí kò ní jalè, ta ni ìbá tún ju Abu Dharr lọ?

Ní ọjọ́ kan, gẹ́gẹ́ bí Imam Muslim ṣe gbà á wá, Abu Dharr bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun léèrè bóyá kò ní fi òun sí ipò kan. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fi ọwọ́ lu èjìká rẹ̀. Ó jẹ́ kí ó mọ̀ pé aláìlágbára ni Abu Dharr níbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé àmánà ni ipò, àti pé ìtìjú àti àbámọ̀ ni yóò jẹ́ ní Ọjọ́ Àjíǹde, àfi fún ẹni tí ó gbà á pẹ̀lú ẹ̀tọ́ tí ó sì pé ojúṣe rẹ̀ níbẹ̀. Nínú ẹ̀gbàwá mìíràn, Ànábì gbà á ní ìmọ̀ràn pé kí ó má ṣe olórí lórí ènìyàn méjì pàápàá, kí ó má sì gba ìtọ́jú dúkìá ọmọ òrukàn.

Ẹ kíyè sí i pé Ànábì kò bú u, kò sì fojú kéré ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ ni ó fi bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé ẹ̀bùn ìwà rere ọ̀tọ̀, ẹ̀bùn ìṣàkóso ọ̀tọ̀. Ọlọ́hun lè fún ẹrú kan ní ọ̀kan kí Ó má fún un ní èkejì, kì í sì í ṣe àbùkù fún un, àyàfi bí ó bá jókòó sórí àga tí kò wọ̀n ọ́n.

Nísinsìnyí, ẹ wo apá kejì. Ní ọdún kẹjọ lẹ́yìn Hijrah, Ànábì rán ọmọ ogun lọ sí Dhat as-Salasil. Amr ibn al-As ni ó fi ṣe olórí wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì ju oṣù díẹ̀ lọ tí Amr gba Islam. Nígbà tí ó béèrè fún ìrànlọ́wọ́, Ànábì rán àwọn mìíràn tẹ̀lé e, Abu Bakr àti Umar sì wà nínú wọn. Àwọn méjì tí ó lọ́lá jù lọ nínú ìjọ wá wà lábẹ́ àṣẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nítorí pé ó mọ iṣẹ́ tí a rán an, ó sì mọ ilẹ̀ ibẹ̀. Ànábì kò wo ẹni tí ó pẹ́ jù nínú ẹ̀sìn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹni tí yóò darí iṣẹ́ kan pàtó.

Agbára àti ìfọkàntán

Al-Ƙur'ān Alápọ̀n-ọ́nlé so ìwà méjèèjì pọ̀ fún wa. Nínú Súrà Al-Qasas, àwọn ọmọbìnrin méjì kan rí Ànábì Musa ní Madyan tí ó bá wọn fún ẹran wọn lómi. Ọ̀kan nínú wọn gba bàbá wọn ní ìmọ̀ràn pé kí ó gbà á síṣẹ́, ó sì sọ ìdí rẹ̀: ẹni tí ó dára jù láti gbà síṣẹ́ ni ẹni tí ó lágbára tí ó sì ṣe é fọkàn tán. Ìwà méjì ni ó kà. Àwa a máa ka ẹyọ kan, a ó sì fi èkejì sílẹ̀.

Nínú Súrà Yusuf, ọba Íjíbítì lá àlá, Ànábì Yusuf sì túmọ̀ rẹ̀: ọdún méje ọ̀pọ̀, ọdún méje ìyàn, lẹ́yìn náà ọdún òjò. Ìtumọ̀ àlá jẹ́ ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Yusuf fi kún un. Ó ní kí wọ́n máa gbin oko fún ọdún méje láìsinmi, kí wọ́n fi ohun tí wọ́n bá kórè sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀, kí wọ́n jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú ìyókù de ọdún ọ̀dá. Ó mú kí wọ́n fi díẹ̀ pamọ́ síbẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ má bàa tán. Ìlànà ìṣúná ọdún mẹ́rìnlá nìyẹn. Ó sọ ohun tí a ó ṣe, ìwọ̀n tí a ó jẹ, ọ̀nà tí a ó fi pa á mọ́, àti ohun tí a ó fi dúró de ọ̀la.

Nígbà tí ọba fẹ́ fún un ní ipò, Yusuf tọrọ pé kí wọ́n fi òun ṣe olùtọ́jú àká oúnjẹ ilẹ̀ náà, nítorí pé òun jẹ́ olùṣọ́ àti onímọ̀. Kò gbé e kalẹ̀ pé ọmọ Ànábì ni òun, bẹ́ẹ̀ ni òtítọ́ sì ni. Kò sọ pé àánú òun pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àánú rẹ̀ pọ̀. Ìṣọ́ àti ìmọ̀ ni ó dárúkọ, nítorí pé ohun tí àká ń fẹ́ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ẹni rere tí kò mọ ìṣírò ni ó wà níbẹ̀, ìbá fi ọdún méjì àkọ́kọ́ pín ọkà fún gbogbo ẹni tí ó bá wá, wọn ìbá yìn ín, wọn ìbá kọrin fún un. Ní ọdún kẹjọ, ebi ìbá pa ẹni tí ó yìn ín àti ọmọ rẹ̀.

Bí Ànábì àti Umar ṣe ṣe é

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ìjọba Mẹ̀dínà kò lọ lásán. Gẹ́gẹ́ bí Imam Bukhari ṣe gbà á wá, Ànábì pàṣẹ pé kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí ó ti gba Islam sílẹ̀, wọ́n sì kọ 1,500 ọkùnrin. Kí a tó pín nǹkan, kí a tó ṣètò nǹkan, kí a mọ iye wa. Nígbà ogun Mu'tah, ó yan Zayd ibn Harithah ṣe olórí. Ó ní bí ohun kan bá ṣe é, kí Ja'far ibn Abi Talib gbà á, bí ohun kan bá sì ṣe Ja'far, kí Abdullah ibn Rawahah gbà á. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó kú síbẹ̀, ṣùgbọ́n títí tí ẹni kẹta fi kú, àṣíá náà ní ẹni tí a ti sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò gbé e. Nígbà tí ẹni tí ó rán lọ gba sàká padà dé, tí ó ní èyí ni tiyín, èyí sì ni ẹ̀bùn tí wọ́n fún òun, Ànábì dìde lórí mínńbárì, ó bá irú ìwà bẹ́ẹ̀ wí ní gbangba. Ó béèrè bóyá ẹ̀bùn yẹn ìbá wá bí ọkùnrin náà bá jókòó sílé bàbá àti ìyá rẹ̀.

Ti Umar ibn al-Khattab ni ó kù, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. A máa ń wàásù nípa bí ó ti ń rìn lóru, bí ó ti ru ìyẹ̀fun lọ fún obìnrin tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀. Ìtàn rere ni. Ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn wà tí a kì í sábà sọ, òun sì ni mo fẹ́ kí ó dúró sí wa lọ́kàn.

Àwọn oníṣòwò kan sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀bá Mẹ̀dínà, Umar àti Abdur-Rahman ibn Awf sì ń ṣọ́ wọn lóru. Umar gbọ́ igbe ọmọdé. Ó lọ bá ìyá rẹ̀ pé kí ó ṣe ìtọ́jú ọmọ rẹ̀. Ó padà sí ibi tí ó wà, ọmọ náà tún sunkún. Lẹ́yìn tí èyí ṣẹlẹ̀ léraléra, ó bi obìnrin náà léèrè ohun tí ó ń ṣe ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà kò mọ ẹni tí ó ń bá òun sọ̀rọ̀. Ó dáhùn pé òun ń já ọmọ náà lẹ́nu ọmú ṣáájú àkókò, nítorí pé Umar kì í fún ọmọ ní owó àjẹmọ́nú láti inú àpò ìjọba àfi èyí tí ó bá ti já lẹ́nu ọmú.

Òfin tí Umar fúnra rẹ̀ ṣe ni ó ń pa ọmọ náà lẹ́kún. Kò ṣe òfin náà láti ni ẹnikẹ́ni lára, síbẹ̀ ó ń ṣe ìpalára níbi tí ojú rẹ̀ kò dé. Ní ìrun Àsùbá, ẹkún fẹ́rẹ̀ má jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbọ́ ohun tí ó ń kà. Lẹ́yìn ìrun, ó pàṣẹ kí wọ́n kéde pé kí ìyá kankan má kánjú já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú mọ́, nítorí pé gbogbo ọmọ tí a bá bí nínú Islam ni yóò máa gba tirẹ̀. Ó sì kọ̀wé ránṣẹ́ sí àwọn ìlú yòókù.

Umar ìbá ti fún obìnrin yẹn ní àpò ọkà kan, kí ó sì lọ sùn. Ọmọ kan ìbá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òfin kan náà ń pa àwọn ọmọ mìíràn lẹ́kún ní àwọn ilé tí kò lè dé. Ó tún òfin ṣe, gbogbo ọmọ sì jẹun. Ó ṣeé ṣe fún un nítorí pé ó ti ní ìwé orúkọ, èyí tí wọ́n ń pè ní dīwān, nínú èyí tí wọ́n kọ ẹni tí ó ń gba nǹkan àti iye rẹ̀ sí. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ń ṣe sàárà, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ń ṣe ìjọba. Gbogbo Mùsùlùmí ni ó lè ṣe sàárà. Ẹni tí a fi ìwé orúkọ ìlú lé lọ́wọ́ kò ní àwáwí láti fi sàárà rọ́pò rẹ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, dájúdájú Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KHUTUBAH KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ilẹ̀ wa. Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 béèrè pé ẹni tí ó fẹ́ ṣe ààrẹ, gómìnà tàbí aṣòfin kí ó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí, kí ó ti dé ìwọ̀n ọjọ́ orí kan, kí ẹgbẹ́ òṣèlú fà á kalẹ̀, kí ó sì ti kàwé dé ìwọ̀n ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ girama tàbí ohun tí ó bá a dọ́gba. Òfin náà kò béèrè bóyá ó ti ṣe àkóso nǹkan kan rí. Kì í ṣe àléébù òfin ni mo ń sọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé òfin fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀ fún olùdìbò. Bí àwa náà kò bá béèrè rẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tí yóò béèrè rẹ̀.

Ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́

Àwọn àgbà tí ó wà láàrin wa rántí ọdún 1955. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Ní ọdún tí ó ṣáájú, àwọn ọmọ tí ó wà nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè náà kò tó 500,000. Ní 1955, wọ́n lé ní 800,000. Èyí kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Láti 1952 ni wọ́n ti gbé ètò náà kalẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀. Wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kí ọmọ tó dé. Wọ́n fi owó orí kún un fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, inú àwọn ará ìlú kò dùn sí i, ẹgbẹ́ tí ó ń ṣèjọba sì pàdánù ní agbègbè ara rẹ̀ nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954. Síbẹ̀, wọn kò dá iṣẹ́ náà dúró.

Ní 1957, ìjọba Ìlà-Oòrùn náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ọmọ kò kéré sí ti ẹnikẹ́ni, àwọn ará ìlú sì gba ètò náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n owó àti ìmúrasílẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n dáwọ́ lé. Nígbà tí ó di 1958, ìjọba dá owó ilé-ẹ̀kọ́ padà, àwọn ìyá sì jáde láti fẹ̀hónú hàn. Èrò rere kan náà, ìlérí kan náà. Ohun tí ó ya wọ́n sọ́tọ̀ ni ìmúrasílẹ̀ àti owó tí a ti wá sílẹ̀ ṣáájú.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni Alhaji Lateef Jakande, ẹni tí àwọn ará Èkó dìbò yàn ní 1979. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìyẹn nìkan ni a ṣe ń rántí rẹ̀. Nígbà tí ó dé ipò, àwọn ọmọ Èkó ń pín ọjọ́ láàrin ara wọn, àwọn kan ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án, nítorí pé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò tó. Jakande kò dúró de owó ilé aláràbarà. Ó kọ́ ilé tí kò gbówó lórí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀, kíákíá. Àwọn kan fi ṣẹ̀sín pé ó dà bí ilé adìyẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ jókòó sínú rẹ̀, ìpín àárọ̀ àti ọ̀sán sì dópin. Kí ó tó ṣe gómìnà, ó ti ṣe olóòtú àgbà ìwé ìròyìn Nigerian Tribune. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìwé gbọ́dọ̀ jáde. Ẹni tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ iye tí wákàtí kan tó.

Ó tún dáwọ́ lé ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa gbé èrò láàrin ìlú. Ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní Èkó, ọdún 38 lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbésí ayé odidi ìran kan ni ó kọjá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Bí ẹnìkan bá sọ pé...

Ẹnìkan lè sọ pé: Lẹ́mọ́mù, ṣé ẹ ń sọ fún wa pé kí a yan ọlọ́gbọ́n tí kò bẹ̀rù Ọlọ́hun ni? Rárá o. Olè tí ó mọ ìṣírò léwu ju olè tí kò mọ̀ ọ́n lọ. Ọ̀rọ̀ náà nira, àwọn onímọ̀ ìṣáájú sì ti bá a jà. Shaykh al-Islam Ibn Taymiyyah kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí ìṣèlú ní ìlànà Sharia. Ó gbà pé agbára àti ìfọkàntán kì í sábà pàdé lára ènìyàn kan. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí a wo ohun tí ipò náà ń fẹ́ jù. Níbi ogun, kí a fi ti ẹni tí ó lágbára ṣáájú. Níbi títọ́jú owó, kí a fi ti ẹni tí ó ṣe é fọkàn tán ṣáájú. Bí ipò kan bá sì ń fẹ́ méjèèjì tí a kò rí ẹni tí ó ní méjèèjì, kí a yan ju ẹnìkan lọ, kí èkíní lè dí àléébù èkejì. Nítorí náà, bí olóòótọ́ kan bá wà tí kò mọ iṣẹ́ ọ́fíìsì, ìbéèrè wa ni pé: Ǹjẹ́ ó mọ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n? Ta ni ó fẹ́ mú mọ́ra?

Ẹlòmíràn lè sọ pé Ọlọ́hun ni ó ń fi ẹni tí Ó bá fẹ́ jọba. Òótọ́ ni. Òun náà ni ó ń fún ẹni tí Ó bá fẹ́ ní ọmọ, síbẹ̀ a kì í gbé aboyún lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí. Súrà An-Nisa pa á láṣẹ fún wa kí a dá àmánà padà fún àwọn tí ó ni ín. Nígbà tí wọ́n sì bi Ànábì nípa bí àmánà ṣe ń sọnù, ó ṣàlàyé pé ìgbà tí a bá gbé ọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò kúnjú rẹ̀ ni, ó sì kà á mọ́ àmì òpin ayé. Ìbò tí ẹ ń tẹ̀ lórí ìwé jẹ́ ẹ̀rí tí ẹ ń jẹ́. Ẹ ń jẹ́rìí pé lágbájá kúnjú ìwọ̀n. Ẹ̀rí èké sì wà lára àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńlá.

Àwọn ìbéèrè tí a ó máa béèrè

Mi ò ní dárúkọ olùdíje kankan lórí mínńbárì yìí, ẹ má sì retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnikẹ́ni bá wá sí àdúgbò wa láti tọrọ ìbò, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́fà.

Èkíní: Kí ni o ti ṣe àkóso rẹ̀ rí? Ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ilé-ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tàbí ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Báwo ni ó ṣe wà nígbà tí o dé ibẹ̀, báwo ni ó ṣe wà nígbà tí o kúrò?

Èkejì: Ǹjẹ́ o mọ iye? Ilé ìwòsàn mélòó ni ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí, nọ́ọ̀sì mélòó ni ó wà nínú wọn, èló ni ó ń wọlé lóṣù?

Ẹ̀kẹta: Kí ni o máa kọ́kọ́ ṣe, kí ni o sì máa fi sílẹ̀? Ẹni tí ó ní òun yóò ṣe gbogbo rẹ̀ kò tíì jókòó ṣírò rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: Àwọn wo ni yóò bá ọ ṣiṣẹ́, kí ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe? Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ kìkì orúkọ àwọn tí ó bá a polongo ìbò, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Ẹ̀karùn-ún: Báwo ni o ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ? Umar a máa rán Muhammad ibn Maslamah lọ yẹ iṣẹ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ wò ní ìlú wọn. Ta ni yóò máa lọ wo kànga ẹlẹ́rọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí a ti ṣí i?

Ẹ̀kẹfà: Nígbà tí o bá kúrò, kí ni yóò dúró? Ilé ìwòsàn tí a kùn lọ́dà tí kò ní oògùn àti nọ́ọ̀sì, ilé lásán ni. Obìnrin tí ó ń rọbí lóru kò lè fi ọ̀dà bímọ.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kàn wá gan-an ní àsìkò yìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí ó wà ní Nàìjíríà máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Ìjọba ìbílẹ̀ ni òfin fi ọjà, ibùdókọ̀, itẹ́ òkú, kíkó ìdọ̀tí àti kíkọ orúkọ ọmọ tuntun lé lọ́wọ́, ó sì ní ipa nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera. Ìjọba tí ó súnmọ́ ilé wa jù lọ nìyí, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í jáde dìbò fún. Bí owó bá dé tààrà tí ó bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò mọ ètò, tààrà náà ni yóò ṣòfò.

Lẹ́yìn ìbò, iṣẹ́ wa kò tíì parí. Òfin ọdún 2011 lórí òmìnira láti gba ìròyìn fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé iṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ méje ni ó sì fún iléeṣẹ́ ìjọba láti dáhùn. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó kàwé, iṣẹ́ Ọlọ́hun ni bí ẹ bá jókòó ka ètò ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ wa, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn òbí yín. Ẹni tí ó bá fi àpò ìrẹsì ra ìbò wa ti san gbèsè rẹ̀ tán lójú ara rẹ̀. Kò ní rántí pé òun jẹ wá ní ìṣirò kankan mọ́.

Kí a sì bẹ̀rẹ̀ nílé. Owó tí a ń dá ní mọ́sálásí yìí, kí a máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí a máa kà á síta. Àwọn tí a yàn sí ìgbìmọ̀, kí a yàn wọ́n nítorí iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ànábì (ìkẹ́ Ọlọ́hun kí ó máa bá a) kọ́ wa pé olùdaràn ni gbogbo wa, a ó sì bi oníkálùkù nípa ẹran tí ó ń dà. Darandaran tí ó fẹ́ràn ẹran rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò mọ ọ̀nà odò, òǹgbẹ ni yóò pa agbo náà.

Ọlọ́hun, Ọba tí ó ni ìjọba, fún wa ní àwọn aṣíwájú tí ó lágbára tí ó sì ṣe é fọkàn tán. Fún àwọn tí ó wà lórí ipò lónìí ní ìmọ̀ ohun tí wọn kò mọ̀, fún wọn ní ìrẹ̀lẹ̀ láti béèrè, kí O sì fi àwọn olùdámọ̀ràn rere yí wọn ká. Má ṣe fi ìyà ọ̀rọ̀ wa jẹ àwọn ọmọ wa. Fi ìmọ́lẹ̀ sí ọkàn wa nígbà tí a bá di ìwé ìbò mú, kí ẹ̀rí tí a ó jẹ́ lè jẹ́ òdodo. Ṣe ìlú wa ní ìlú ìfọ̀kànbalẹ̀, kí O sì foríjin àwọn òbí wa àti gbogbo Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin. Àmín.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ dìde, ẹ to ẹsẹẹsẹ, ẹ jẹ́ kí a kírun.